Ọ̀bẹ Méjì Tí Kì Í Ṣe Ìbejì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ẹ̀rọ wá oúnjẹ òòjọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò gùn, àmọ́ ó mú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí mò ń sọ yìí, kò sí búrẹ́dì lórí tábìlì wa. Ọ̀bẹ ló wà níbẹ̀, mẹ́fà gbáko, wọ́n tò sílẹ̀ bí ẹja tí wọ́n fẹ́ tà. Kì í ṣe ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé àlùbọ́sà o! Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn láti ìgúnpá mi dé ọrùn ọwọ́, ó sì nípọn tó àtàǹpàkò. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bọ́ lé ọ lẹ́sẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ rẹ náà á máa tiro.

Ọ̀bẹ ẹ̀rọ tó ń gé igi wẹ́wẹ́ ni wọ́n. Ẹ̀rọ yẹn la fi ń jẹun nílé wa. Bí ìjì bá wó igi, bí ẹ̀ka bá ń halẹ̀ mọ́ òrùlé ẹnìkan, àwa ni wọ́n ń pè. A ó ti ẹ̀ka sí ẹ̀rọ lẹ́nu, á jẹ ẹ́ wẹ́wẹ́, á sì pọ̀ ọ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn tó ń sin adìyẹ á wá ra wẹ́wẹ́ igi náà, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún adìyẹ wọn. Àjẹìyó la sọ ẹ̀rọ ọ̀hún. Mo ti rí i tó gbé odindi igi mì, tó sì tún ń wo bàtà ẹsẹ̀ mi bí ẹni pé, “Ìyẹn ńkọ́?”

Nínú ikùn Àjẹìyó, àwo irin ńlá kan wà tó ń yí bí òòyì. Ọ̀bẹ méjì ni wọ́n fi bóòtù dè mọ́ àwo náà, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Àwọn méjèèjì ló ń gé igi. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, méjì ni wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni ẹ̀rọ, òun náà ló máa ń dúró sẹ́nu rẹ̀. Bàbá wa, tó fi ayùn ọwọ́ la pákó títí irun orí rẹ̀ fi funfun, ló ń tún ẹ̀rọ ṣe. Èmi ní tèmi, mo ń kó igi, mo ń pariwo, mo sì ń dá àpárá. Aláriwo ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Orúkọ tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ, bóyá Bàbá ṣì rántí.

Ìjì ló wó igi kan lulẹ̀ nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Igi náà tóbi débi pé bí o bá dúró lápá ọ̀tún rẹ̀ tí ilẹ̀ mọ́, òwúrọ̀ kò tíì dé apá òsì. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní kí ilẹ̀ mọ́ tónítóní kí àwọn ọmọ tó wọlé lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀bẹ wa àtijọ́ sì ti lọ, a ti pọ́n ọn títí ó fi tín-ín-rín bí ahọ́n aláǹgbá. Ni Ẹ̀gbọ́n bá ní kí àwọn mẹ́ta tó ń ta ọ̀bẹ ẹ̀rọ mú méjì méjì wá, kóun lè fi wọ́n wéra. Èyí táwọn bá lò, àwọn á san án. Èyí táwọn kò lò, wọ́n á kó o padà.

Ti ẹni àkọ́kọ́ wà nínú páálí dídán, ọ̀wọ́n gógó ni. Ti ẹnì kejì wà nínú ìwé ìròyìn àtijọ́, kò wọ́n, kò pọ̀. Ti ẹnì kẹta kò wọ nǹkankan. Ọkùnrin tó mú un wá kì í pa ẹnu dé, ẹ̀rín ni ṣáá, Ẹlẹ́rìn-ín la ń pè é.

“Ẹ wo bó ṣe ń dán!” Ẹlẹ́rìn-ín wí. “Ẹ lè fi gẹ irùngbọ̀n, kí ẹ sì tún fi wo bí irùngbọ̀n náà ṣe rí. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti èyí tó wà nínú ìwé ìròyìn yẹn. Ti inú páálí, ẹ má dárúkọ rẹ̀ létí mi.”

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ẹ̀gbọ́n ya ìwé pélébé mẹ́fà. Ó kọ Ọ̀WỌ́N sára méjì, ÀÁRÍN sára méjì, Ọ̀PỌ̀ sára méjì. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ ọ̀bẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kó páálí àti ìwé ìròyìn dànù kí tábìlì lè mọ́.

Bàbá húkọ́. Ewé já lórí igi mẹ́rin.

“Ta ló ń fi ìwé mọ irin?” Bàbá wí. “Mo ti mọ irin kí wọ́n tó bí ẹni tó ṣe gọ́ọ̀mù yẹn. Ẹ gbé wọn wá fún àtàǹpàkò mi.”

“Bàbá, àtàǹpàkò yín yìí náà ló ra ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo bí ẹni tó gbààwẹ̀ ọdún mẹ́ta.”

“Ẹ́ńjìnnì yẹn dáa! Ẹ̀yin lẹ kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀.”

Fóònù Ẹ̀gbọ́n dún, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni. Ó jáde lọ síta láti dá a lóhùn. Bàbá wọ yàrá lọ wá bàtà iṣẹ́ rẹ̀. Ó ku èmi àti ọ̀bẹ mẹ́fà.

Ẹ̀yin ará, bí èṣù bá fẹ́ bẹ èèyàn níṣẹ́, kì í rán ẹlòmíràn ṣáájú, ojú rẹ̀ gan-an ló máa fi wò ọ́. Mo rò ó nínú ara mi pé kí n yọ ìwé ara ọ̀bẹ wọ̀nyí, kí n dà wọ́n pọ̀, kí n wá wo bí àtàǹpàkò Bàbá yóò ṣe yà wọ́n. Lẹ́yìn tí a bá ti rẹ́rìn-ín tán, mo máa lẹ ìwé padà. Kí ló le níbẹ̀?

Mo yọ gbogbo rẹ̀. Mo fi àkísà nu gọ́ọ̀mù kúrò. Mo yí wọn po lórí tábìlì, gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, bí ẹni ń ta káàdì. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí.

Mo wá wo ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ náà wò mí.

Èwo ni ọ̀wọ́n? Èwo ni ọ̀pọ̀? Mo gbé èyí sókè, mo gbé yẹn sókè. Ti Ẹlẹ́rìn-ín ló ń dán, àmọ́ ibi tí mo fi àkísà olóròóró nù wọ́n dé, gbogbo wọn ló ń dán! Mo gbọ́ òórùn wọn. Mo fi èékánná kan wọ́n, mo gbé etí sí i. Gbogbo wọn dún kíń. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dárúkọ ara wọn.

Mo gbọ́ bàtà Bàbá lẹ́nu ọ̀nà. Mo lẹ àwọn ìwé náà padà bí wọ́n ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́. Kí Ọlọ́run má fi ìṣẹ́jú yẹn bi mí lọ́run.

Bàbá jókòó, ó gbé ojú wo ìwé ara ọ̀bẹ, lẹ́yìn náà ló wá fi àtàǹpàkò ra ẹnu ọ̀bẹ, wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́, bí ẹni ń fọwọ́ ra ọmọ lórí.

“Ẹ wò ó,” ó wí, “àwọn méjì tẹ́ ẹ kọ Ọ̀WỌ́N sí yìí, àwọn ni ojúlówó. Irin wọn ń bá mi sọ̀rọ̀.”

Ẹ̀gbọ́n wọlé. “Ó ti tó. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní òun ń retí wa. Ó wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká lo ojúlówó, ká sinmi àròyé.”

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ dé orí ahọ́n mi, ó yọjú, ó rí ojú Bàbá, ó sì sá padà sọ́fun. Mo tu ara mi nínú pé irin ṣáà ni gbogbo wọn. Irin kì í ṣe irin ni?

Bàbá ló so ọ̀bẹ méjèèjì mọ́ àwo Àjẹìyó. Bóòtù àtijọ́ ló lò, ó ní wọ́n ṣì lágbára. Ọ̀bẹ kan wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Èkejì kò fẹ́ wọlé, ihò rẹ̀ kan kò bá ihò àwo mu. Mo rí i tí Bàbá wo ẹ̀yìn, ó rí i pé Ẹ̀gbọ́n kò sí nítòsí, ó sì gbé hámà. Ó fi bẹ̀ ẹ́, kó! kó! kó! Ó wọlé.

“Irin tuntun máa ń ṣe agídí,” Bàbá sọ fún mi, ó ṣẹ́jú sí mi.

Èmi náà ṣẹ́jú padà. Ọ̀daràn méjì, ẹ̀rọ kan.

Nígbà tí a dé ilé ẹ̀kọ́, Ẹ̀gbọ́n wọ awò ojú àti ohun ìdítí, ó dúró sẹ́nu ẹ̀rọ. Ní ẹ̀yìn ibi tó dúró sí gẹ́lẹ́, a gbé kẹ́ẹ̀gì omi mímu wa lé orí àga àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ méjì tí a tò léra. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Àjẹìyó jí.

Ẹ̀rọ yìí nígbà gbogbo, ohùn kan ló ń pa, húùùù, bí ẹni tó yó tó ń kọrin. Lọ́jọ́ yẹn, hù-gbà, hù-gbà, hù-gbà ló ń ké. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Táyà rẹ̀ ń fò lórí ilẹ̀. Eyín mi ń lu ara wọn, mo ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà ń jáde ní ẹ̀ẹ̀mejì mejì.

“Kí ló ń ṣe é?” Ẹ̀gbọ́n pariwo.

“Ilẹ̀ ibí ni kò tẹ́jú!” Bàbá dáhùn.

“Àbí epo ni kò dáa?”

“Ó lè jẹ́ epo! Ó lè jẹ́ ilẹ̀! Tó bá jẹun díẹ̀, á balẹ̀!”

Ẹ̀gbọ́n ti ẹ̀ka kan sí i lẹ́nu. Ẹ̀rọ gbà á, ó jẹ ẹ́, ó tún ń gbọ̀n sí i. Ó ti èkejì sí i. Mo dúró lẹ́bàá ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù igi ní èjìká. Orí mi dàrú pátápátá. Ṣé ọ̀bẹ ni? Ṣé ìwé tí mo lẹ̀ ni? Bí mo bá sọ, Bàbá á jẹ mí bí oúnjẹ ọ̀sán. Bí mo bá dákẹ́ tó sì jẹ́ ilẹ̀ ni kò tẹ́jú lóòótọ́, mo yege. Àmọ́ bí kì í bá ṣe ilẹ̀ ńkọ́? Òógùn tó bọ́ lára mi nígbà yẹn, ọkọ̀ ojú omi lè rìn lórí ẹ̀.

Mo ju igi sílẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n! Ẹ wá ná!”

“Kí ló dé?”

“Ẹ ṣáà wá!”

“Sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn! O kò rí i pé mò ń ṣiṣẹ́?”

“Kò ṣeé pariwo!”

Láti ọjọ́ tí ìyá wa ti bí mi, n kò sọ bẹ́ẹ̀ rí nípa ohunkóhun. Èmi tí mo fi ariwo kéde ìgbà tí mo fẹ́ lọ sí ṣálángá! Ẹ̀gbọ́n yí padà, ó wo ojú mi, ó fi ẹ̀ka tó ń ti sílẹ̀. Ó rìn wá bá mi. Ìṣísẹ̀ kan. Méjì. Mẹ́ta. Ẹ̀rọ ń fa ẹ̀ka yẹn wọlé fúnra rẹ̀.

GBÀÀÀ!

N kò lè ṣe àsọdùn ariwo yẹn, kò sí àyè tó kù tí mo lè fi lé e. Nǹkan kan ta jáde láti ẹnu Àjẹìyó. A kò rí i. A kàn gbọ́ tó fọ́ kẹ́ẹ̀gì. Bàbá fò mọ́ bọ́tìnì pupa, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì kú, ṣùgbọ́n àwo irin ṣì ń yí lọ, ó ń yí lọ, hù-gbà, hù-gbà, títí èèyàn lè fi mu ife tíì kan tán. Omi ló ń tú jáde lára kẹ́ẹ̀gì, lọ́wọ́ iwájú àti lẹ́yìn.

Nígbà tí àwo dúró, tí Bàbá yọ kọ́kọ́rọ́ tó sì tú wáyà bátìrì, a ṣí ìdérí rẹ̀. Ọ̀bẹ kan ti já ní igun, wẹ́rẹ́ bí àkàrà tí ọmọdé gé jẹ. Ẹnu èkejì ti ṣẹ́.

“Ojúlówó!” Bàbá pariwo. “Ojúlówó ló já báyìí! Ọ̀bàyéjẹ́ ni oníṣòwò yẹn. Pè é! Sọ fún un pé gbogbo ìlú ló máa gbọ́!”

Ẹ̀gbọ́n ti fa fóònù yọ.

“Ẹ má pè é,” mo wí. “Kì í ṣe òun. Èmi ni.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ìwé, àkísà, bí mo ṣe dà wọ́n pọ̀, bí mo ṣe lẹ̀ ẹ́ padà láìmọ èwo ni èwo. Ohùn mi kéré débi pé Bàbá ní kí n tún un sọ. Ẹ kò lè gbà á gbọ́, wọ́n ní kí Aláriwo gbóhùn sókè.

Mo ń retí ìgbájú. Ẹ̀gbọ́n kò nà mí. Ó lọ bá kẹ́ẹ̀gì, ó na ọwọ́ rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ihò náà. Ó gbé ọwọ́ yẹn rìn padà bọ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ, kò jẹ́ kó lọ sókè, kò jẹ́ kó wá sílẹ̀. Ó dúró síbi tó máa ń dúró sí. Ọwọ́ náà bà lé àárín àyà rẹ̀.



“Ṣùgbọ́n,” Bàbá wí, “àtàǹpàkò mi ní…”

“Bàbá, ìwé ni àtàǹpàkò yín kà.”

Bàbá wolẹ̀. “Ihò ọ̀kan kò bá àwo mu,” ó wí wúyẹ́wúyẹ́. “Mo fi hámà bẹ̀ ẹ́ ni.”

Ẹ̀gbọ́n wo Bàbá, ó wo èmi. “Mo fi orí mi síwájú ẹ̀rọ, mo sì fi ẹ̀yin méjèèjì sẹ́yìn rẹ̀. Ó dáa. Ẹ kó gbogbo ọ̀bẹ. A ń lọ bá Ìyá Apọ́nbẹ.”

Ìyá Apọ́nbẹ ni obìnrin àgbàlagbà tó ń pọ́n ọ̀bẹ, ọ̀bẹ alásè, sísọ́ọ̀sì aránṣọ àti ayùn káfíńtà. Kò ga ju ìgbáròkó mi lọ, okùn ló fi so awò ojú rẹ̀ mọ́ orí. Wọ́n ní ó lè pọ́n àgùàlà títí tí yóò fi gé òru sí méjì. Èmi ni mo ní bẹ́ẹ̀.

A to ọ̀bẹ mẹ́fà síwájú rẹ̀, a sì rojọ́. Ó fetí sílẹ̀ títí.

“Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí,” ó wí, “ẹ kò mọ̀ pé ìbejì ni ọ̀bẹ méjì tó wà lórí àwo kan? Ilé iṣẹ́ kan náà, irin kan náà, ọjọ́ kan náà, ìwọ̀n kan náà. Bí ọ̀kan bá wúwo ju èkejì lọ díẹ̀ péré, nígbà tí àwo bá sáré, díẹ̀ yẹn á di òkúta ńlá. Òun ló ń gbọn ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ń bẹ yín, ẹ ní ilẹ̀ kò tẹ́jú.”

Ó fa òṣùwọ̀n kékeré jáde, ó wọn ọ̀bẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì wúwo bákan náà gẹ́lẹ́, ó tò wọ́n sápá kan. Ó rí méjì mìíràn tó bá ara wọn mu, àfi pé ẹnu ọ̀kan ti ṣẹ́ lórí ẹ̀rọ. Ó ku èyí tó já àti ẹnì kejì rẹ̀. Ẹnì kejì náà fúyẹ́, ihò rẹ̀ kò sì jìnnà síra wọn bíi ti àwọn yòókù.

“Ti Ẹlẹ́rìn-ín nìyí,” Ìyá wí. “Ẹ wá wo ojú ibi tó ti já.”

A tẹ̀ síwájú. Ojú irin náà rí ṣákaṣàka bí iyọ̀ tí wọn kò lọ̀.

“Irin rí bí oúnjẹ. Ó ní iye iná tó gbọ́dọ̀ jẹ. Èyí jóná, ó le jù, ó wá di dígí. Bó bá kan kókó igi, á já.” Ó mú fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n ayùn, ó fi ra igun ẹnì kejì rẹ̀ tí kò tíì ṣiṣẹ́. Fáìlì wọ inú rẹ̀ bí ẹni ń ha ọṣẹ. “Èyí kò jinná rárá. Títí ọ̀sán, á ti kújú. Ẹ rí i? Àwọn méjèèjì gan-an kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.”

Ó fi fáìlì ra ọ̀bẹ kan nínú àwọn tó dọ́gba. Fáìlì yọ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mú nǹkankan. Ó ra ìkejì rẹ̀, bákan náà ni. Ó ra ti ẹgbẹ́ kejì, bákan náà.

“Ìyá,” ni mo wí, “èwo wá ni ọ̀wọ́n, èwo ni ti àárín?”

Ìyá Apọ́nbẹ nu gírísì kúrò lẹ́yìn ọ̀bẹ, ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó nu èkejì. Nọ́ńbà kékeré kan wà lára àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin. Nọ́ńbà kan náà ni.

“N kò mọ̀,” ó wí.

Orí mi tún dàrú. Ti Bàbá dàrú ju tèmi lọ. “Ìyá, kí lẹ ní?”

“Mo ní n kò mọ̀. Ó jọ pé ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n n kò ní búra. Ẹ pe àwọn oníṣòwò méjèèjì. Ẹ má bi wọ́n pé ṣé ó dáa, kò sí ẹni tó máa ní tòun kò dáa. Ẹ ní kí wọ́n ka ìwé tó bá ọ̀bẹ náà wá: irú irin wo ni, báwo ló ṣe le tó, irú ẹ̀rọ wo ni wọ́n ṣe é fún.”

Ẹ̀gbọ́n pè wọ́n. Ó jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́. Ẹni àkọ́kọ́ ka tirẹ̀. Ẹnì kejì ka tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, bí ẹni pé wọ́n jọ ṣe àkọ́sórí. Nígbà tó pe Ẹlẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ní kó ka ìwé. Ó tún rẹ́rìn-ín.

“Kí wá ni a fẹ́ sanwó ọ̀wọ́n yẹn fún?” Bàbá béèrè.

“Páálí,” ni Ìyá Apọ́nbẹ dáhùn.

Ó yí sí Ẹ̀gbọ́n. “Gbọ́, ọmọ mi. Má bi ọ̀bẹ pé èló ni. Bi í pé igi mélòó ló máa jẹ kó tó rẹ̀ ẹ́. Èyí tí kò jinná yìí, ìdajì ọjọ́ ló máa ṣe kó tó kújú. Bí mo bá pọ́n ọn lẹ́ẹ̀mẹta, ó tán, kò ju iṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ. Èyí tó jinná dáadáa, lójú tèmi, á ṣe ọjọ́ méjì kó tó fẹ́ òkúta ìpọ́nbẹ, màá sì pọ́n ọn lẹ́ẹ̀meje.”

Mo fi ìka ọwọ́ kà á. Ìka tán. Mo bọ́ bàtà.

“Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún,” Ẹ̀gbọ́n wí, kó tó di pé mo dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. “Owó ti àárín sì fi díẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti Ẹlẹ́rìn-ín lọ.”

“Ìlọ́po méjì owó, ìlọ́po mẹ́jọ iṣẹ́,” ni Ìyá wí. “N kò tíì ka ọjọ́ tí ẹ ó jókòó máa pààrọ̀ ọ̀bẹ tí igi yóò máa wò yín. N kò sì tíì ka kẹ́ẹ̀gì.”

Bàbá mú ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Ìyá, àtàǹpàkò kò wúlò mọ́ nìyẹn?”

“Ó wúlò, Bàbá. Ó lè sọ fún yín pé ọ̀bẹ mú lónìí. Kò lè sọ bóyá á mú lọ́la.”

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a so àwọn méjì tó dọ́gba tí kò tíì ṣiṣẹ́ mọ́ àwo, pẹ̀lú bóòtù tuntun. Wọ́n wọlé láìsí hámà. Bàbá fi ọwọ́ yí àwo náà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ó sì wo àlàfo tó wà láàárín ọ̀bẹ àti irin ìsàlẹ̀ tí igi ń sinmi lé nígbà tí ọ̀bẹ bá ń gé e. Àjẹìyó jí, ó ní, húùùù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Kí ọjọ́ Àìkú tó tán, ilẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ kékeré sì sáré wọlé lọ́jọ́ Ajé láìmọ̀ pé igi kankan ti wó rí.

Ẹlẹ́rìn-ín kò gba ọ̀bẹ rẹ̀ padà. Ó ní àwa la da ti òun pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Ẹnu rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ló sì sọ. A san án, a sì san ti àwọn oníṣòwò méjèèjì yòókù, títí kan ẹni tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ bà lórúkọ jẹ́. Inú owó iṣẹ́ mi ló ti jáde.

Ẹ̀yin ará, igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀bẹ fún ẹ̀rọ yín, ẹ má jẹ́ kí dídán tàn yín, ẹ má sì jẹ́ kí páálí tàn yín. Ẹ béèrè ìwé irin rẹ̀. Ẹ wọn àwọn tí yóò jọ ṣiṣẹ́, kí wọ́n dọ́gba. Ẹ wò ó bóyá ihò wọn bá ẹ̀rọ mu, bí kò bá bá a mu, ẹ dá a padà, hámà kì í ṣe oníṣègùn ihò. Ẹ má da ti ibí pọ̀ mọ́ ti ọ̀hún láéláé, ẹ jọ ra wọ́n, ẹ jọ pọ́n wọn, ẹ jọ pààrọ̀ wọn, kí ẹ sì lo bóòtù tuntun. Bí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n lọ́nà tí kì í gbà gbọ̀n, ẹ pa á, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ dúró kí àwo dúró pátápátá kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkankan. Ẹ ṣírò iye iṣẹ́ tí ọ̀bẹ yóò ṣe, kì í ṣe iye tí wọ́n tà á nìkan. Bó bá rú yín lójú, ẹ lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Abéèrè kì í ṣìnà.

Èyí tó kẹ́yìn, èmi ni mo ni ín: bí o bá ti ṣe àṣìṣe nídìí ẹ̀rọ, sọ ọ́ kí wọ́n tó yí kọ́kọ́rọ́. Ìtìjú kò pa èèyàn rí. Irin ń pa èèyàn.

Kẹ́ẹ̀gì yẹn ṣì wà nílé wa. Ẹ̀gbọ́n kò jẹ́ ká jù ú nù. Àtàǹpàkò Bàbá wọ inú ihò rẹ̀, àyè sì tún kù. Ní gbogbo àárọ̀ tí a bá fẹ́ jáde lọ síṣẹ́, bí Ẹ̀gbọ́n bá rí i pé àpárá ti ń yọ lójú mi, kì í bá mi wí. Ó kàn máa gbé kẹ́ẹ̀gì náà lé orí àga, á bu omi sí i, á sì dúró sẹ́yìn rẹ̀. Omi á máa tú jáde níbi tí àyà rẹ̀ wà.

Màá dákẹ́. Èmi, Aláriwo.